Iná Gbé Mi Lára Àwo Orin Ìyá Àgbà

Iná gbé mi lónìí lára ìyá bàbá mi, tí a ti sin sí Oǹdó láti ọdún mọ́kànlá.

Ibi kan ṣoṣo tí ohùn wọn kù sí láyé ni àwo orin kan tí wọ́n bá ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kọ. Iná dé sí Àkúrẹ́ níbí lónìí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí kò ti sí, Bàbá ní kí n tètè nu àwo náà kí wọ́n tó tún mú iná lọ.

Ọyẹ́ mú. Mo dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fi súwẹ́tà mi nù ún kíkankíkan. Bí mo ṣe ń nù ún ni eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ, tàà! Iná ta mí lọ́wọ́. Àwo bọ́. Ọlọ́run ló fi tìmùtìmù gbà á.

"Ìyá mi lo fẹ́ fọ́ yẹn!" ni Bàbá pariwo.

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò gbójú sókè. "Ṣé o kí wọn kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n?"

Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni mo kà ní Poli. Mo mọ̀ pé súwẹ́tà tí mo fi nù ún nínú ọyẹ́ gbígbẹ ló fa iná náà. Síbẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì tí kápẹ́ẹ̀tì ò dé.

"Ẹ káàsán mà, Ìyá àgbà."

Bàbá fún mi ní aṣọ rírọ̀ tí wọ́n fi omi rin díẹ̀. Mo nù ún jẹ́jẹ́. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ, iná ò ta. Orin bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ni Màmá wí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iná, símẹ́ńtì ni, àbí aṣọ tútù, àbí ìkíni? Ẹ tètè dáhùn. Ojú kìíní ti fẹ́ parí, èmi ni Bàbá ní kí n yí i sí ojú kejì.