Ta Ló Wọn Ìtànṣán Ẹ̀yìn Yàrá Ìyá Tinúọlá?

Ìyá Tinúọlá kú lóṣù tó kọjá nílé rẹ̀ ní Ìgandò. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, n ò sì ní bá dókítà jiyàn. N ò sọ pé máàsì tẹlifóònù ló pa á, kí ẹnikẹ́ni má fi lọ́yà dẹ́rù bà mí. Ohun tí mo sọ ni pé ó béèrè ọ̀rọ̀ kan, ó sì kú láìgbọ́ èsì.

Lọ́dún 1995, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta tẹlifóònù aláìníwáyà gbé òpó irin gogoro kan tí wọ́n ń pè ní máàsì dúró lẹ́yìn yàrá rẹ̀. Àwa aládùúgbò ń yọ̀ pé ọ̀làjú dé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní tẹlifóònù. Ìyá Tinúọlá ti gbọ́ lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó béèrè pé, "Ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀, ibo ló máa dé kí ẹ tó ní ó ti pọ̀ jù? Ta ló sì wọ̀n ọ́n?"

Ilé-iṣẹ́ náà rán ọ̀gá wọn kan, Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus, wá. Ó wọ kóòtù, ó ń làágùn. Ó ní, "Màmá, kò léwu rárá. Bí oòrùn òwúrọ̀ ló rí."

"O ṣé, ọmọ mi." Ìyá wọlé, ó gbé ẹní àti ìrọ̀rí jáde, ó tẹ́ wọn sí ìdí máàsì. "Jọ̀ọ́, sùn síbí títí dalẹ́. Màá se ìrẹsì fún ọ."

Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus rántí pé òun ní ìpàdé n'Íkẹjà.

Ní Sátidé kan, Ìyá kó wa lọ sílé ọ̀gá yìí: àwọn aláṣọ funfun ìjọ rẹ̀, àwọn Àlájà àdúgbò, àti èmi. Ìyàwó rẹ̀, Matilda, ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ kúulé o, ìyàwó wa. A wá wo ibi tí wọ́n máa gbé máàsì sí lẹ́yìn yàrá yín ni."

"Ẹ̀yìn yàrá wa kẹ̀? Níbi tí àwọn ọmọ mi ń sùn sí?"

Ìyá yíjú sí wa. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Wọ́n ti dáhùn ìdajì."

Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tí ìjọba ń bọ́ kí wọ́n lè fi òdiwọ̀n lélẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá lọ sí ọ́fíìsì wọn, akọ̀wé á ní ọ̀gá ò sí. Ìyá á sì máa juwọ́ sí ọ̀gá lójú fèrèsé.

Nígbà tó kú, gbogbo wọn ló wá, ará ilé-iṣẹ́ àtàwọn ọ̀gá ìjọba. Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus gbé òdòdó wá, ó pè é ní akíkanjú obìnrin. Àgbàlá ilé Ìyá la sin ín sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà làwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà dé, wọ́n kan pátákó mọ́ ìdí máàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè: EWU. MÁ DÚRÓ NÍBÍ PẸ́.

Tinúọlá bi wọ́n pé, "Ṣebí ẹ ní kò léwu? Kí ló dé tí ẹ ò kàn án nígbà tí ìyá mi wà láyé?"

Ọ̀kan fèsì pé, "Àǹtí, wọ́n ní màmá máa fi yọ àwọn lẹ́nu ni."

Ẹ wá gbọ́ ọ. Ìgbà tó ń sùn, tó ń jí níbẹ̀, ewu ò sí. Ìgbà tó kú tán lewu dé. Ṣé òkú ni wọ́n ń kìlọ̀ fún?

Ẹ̀yin ọ̀gá inú fèrèsé, ẹ fi òdiwọ̀n lélẹ̀. Ẹ rán ẹni tó máa wọn ìtànṣán náà wá, kó wọ̀n ọ́n lójú wa, kó sì kà á sókè ní Yorùbá. Bó bá pọ̀ jù, ẹ hú máàsì yín. Ẹni tó pàṣẹ pátákó yẹn sì mọ nǹkan kan. Kó jáde wá sí Ìgandò, kó sọ ohun tó mọ̀ fún Tinúọlá, kó sì sọ ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n.