Bàbá Tépù Lòdì Sí I

Títí di òní, bí àwọn ará àdúgbò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Bàbá Tépù, ọ̀rọ̀ ìbàdí káńsílọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ.

Káńsílọ̀ pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ní ọdún tí sáà rẹ̀ ń parí lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n tún dìbò fún òun. Ó dìde, ó fi áńkáṣífù nu ojú, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ebi tó ń pa yín, òun náà ló ń pa mí. Ẹ wò mí bí mo ṣe rù. Ìrònú yín ló sọ mí dà báyìí."

Àwọn kan ti ń mi orí, àánú rẹ̀ ti ń ṣe wọ́n. Ni télọ̀ kan bá dìde ní ìlà kẹta. Ọkùnrin kékeré ni, ó gbẹ, tépù kọ́ ọ lọ́rùn bó ṣe máa ń kọ́ ọ lọ́rùn lójoojúmọ́. Ó mú ìwé ńlá kan jáde lábẹ́ abíyá, ìwé tó ń kọ ìwọ̀n gbogbo oníbàárà rẹ̀ sí láti ọdún gbọọrọ.

"Ọlọ́lá, ẹ kú ìyà o," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan díẹ̀. Oṣù tó ṣáájú ìbò, ẹ wá rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ mi. Ìbàdí yín jẹ́ ínṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n." Ó ṣí ojú ewé mìíràn. "Ọdún kan lẹ́yìn ìbò, méjìdínlógójì. Ọdún kejì, mọ́kànlélógójì. Oṣù tó kọjá, mẹ́rìnlélógójì, ẹ sì tún ní kí n má fa tépù yẹn le."

Gbọ̀ngàn dàrú. Káńsílọ̀ na ọwọ́ sókè. "Àìsàn ni! Ara mi ló ń wú!"

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Tépù dá a lóhùn. "Ọjọ́ tí wọ́n búra fún yín ló bẹ̀rẹ̀."

Ẹ má rò pé wọ́n di ọ̀tá o. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí káńsílọ̀ tún gbé aṣọ wá, torí kò sí télọ̀ mìíràn tó mọ bí ṣòkòtò ṣe lè jókòó dáadáa sí irú ara yẹn. Bàbá Tépù rán an, kò fi iṣẹ́ ṣeré. Nígbà tó ń fà á lé e lọ́wọ́, ó yí inú ìbàdí ṣòkòtò náà síta, ó ní, "Mo fi ínṣì méjì pa mọ́ síbí, bóyá wọ́n á tún dìbò fún yín." Wọn ò dìbò fún un.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, rédíò kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan fún àwọn tí kò ní aṣọ rán. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn máa ń pọ̀ ju oníbàárà lọ. Wọ́n á ka ìwé ìròyìn, wọ́n á jà, wọ́n á parí ìjà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìbò ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan níbẹ̀. Ṣé ká ṣí fèrèsé? Ìbò. Ṣé ìròyìn la fẹ́ gbọ́ àbí bọ́ọ̀lù? Ìbò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ìbò bá ti lọ sí ibi tí Bàbá Tépù kò fẹ́, á ní kò kún ojú òṣùwọ̀n, kí wọ́n tún un dì. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n dìbò lórí fèrèsé, títí òjò fi wọlé bá wọn.

Ẹni tó máa ń bá a fà á jù ni Tíṣà, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, rédíò sọ pé olórí orílẹ̀-èdè kan kò fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀. Bàbá Tépù fi sísọ́ọ̀sì lu tábìlì.

"Sáà méjì! Ẹni tó bá lo sáà méjì tí kò lọ sílé, olè ni, ì báà jẹ́ bàbá mi!"

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Alága, ọdún mélòó lẹ ti lò nípò alága ẹgbẹ́ télọ̀?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún."

"Ẹ ò wá rí nǹkan."

"Tèmi yàtọ̀," ni Bàbá Tépù wí. "A ò dìbò rí. Bí a ò bá tíì dìbò, ṣé a lè ní sáà ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Tíṣà ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó dìde, ó lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú.

N kò fẹ́ kẹ́ ẹ pè é ní alágàbàgebè. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ohun tó ṣe é nìyẹn. Kò bímọ. Ẹgbẹ́ télọ̀ yẹn ni ọmọ rẹ̀. Òun ló dá a sílẹ̀, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, Alága ló máa ń pè é. "Alága, ẹ wá jẹun. Alága, ẹ tún fi ẹsẹ̀ tútù tẹ ibùsùn." Tí wọ́n bá gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ ohun tí ì bá kù fún un, òun náà kò sì mọ̀.

Ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí Síìpù la máa ń pè é, torí bó bá ti sọ ohun tó fẹ́ sọ, ẹnu rẹ̀ á pa dé. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ò ní jókòó ni?"

"Mi ò ní pẹ́, sà. Mo ka òfin ẹgbẹ́ wa. Ó wà níbẹ̀ pé ká máa dìbò yan alága lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta."

"Ta ló kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Mo sì fẹ́ dupò náà."

Bàbá Tépù kò gbé ojú sókè. Ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ó ní, "Kò burú. Ìjọba àwarawa ni." Àṣé ọkàn rẹ̀ ti fò lọ. Oníbàárà kan wá gba ṣòkòtò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ń wá ibi tó máa gbà jáde. Bàbá Tépù ti rán ẹnu ẹsẹ̀ méjèèjì pa.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìpolongo bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń bú olóṣèlú láti ọdún yìí wá, tó ní ẹni tó bá gba ẹ̀bùn kó tó dìbò ti ta ọmọ rẹ̀, òun ló gbé àpò kan, tó ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, tó ń pín òwú fún àwọn télọ̀. Òwú dáadáa ni o, kì í ṣe èyí tó ń já. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Alága, kí ló wà nínú àpò yẹn?"

"Òwú ni. Mi ò pín owó fún ẹnikẹ́ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ fi rán ẹnu ara wọn ni?"

Ó gbé àpò náà wọlé. Kò jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà gba ọ̀nà tó gbà, ó ń gba òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ àforíjì. Àwọn mẹ́ta ti lo tiwọn. Ó bẹ àwọn mẹ́ta yẹn pé kí wọ́n má dìbò fún òun mọ́, kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba.

Ó dọ́gba lóòótọ́. Mẹ́tàlélógún ni wá nínú ẹgbẹ́, òfin sì ní alága kì í dìbò àfi bí ìhà méjèèjì bá rí bákan náà. Ègé aṣọ la fi dìbò: pupa fún ọ̀gá, funfun fún Àǹtí Síìpù. Ẹni tó bá kàn á wọ yàrá kékeré, á ju ègé kan sínú agolo bọ́tìnnì. Tíṣà la pè wá kà á, torí kò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìṣó. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kí gbogbo ojú lè rí i. Pupa mọ́kànlá. Funfun mọ́kànlá.

Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Ìjà ti parí nìyẹn, torí ìbò tó kù, ọwọ́ ọ̀gá ló wà. Àwọn kan ti ń mú ẹ̀wù wọn láti máa lọ. Àǹtí Síìpù pàápàá ti dìde, ó fẹ́ lọ kí i kú oríire.

Bàbá Tépù gbé ègé pupa lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé funfun lọ́wọ́ òsì. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó wá wo ojú Tíṣà.

"Tíṣà," ó ní, "ká ní káńsílọ̀ ló dúró síbi tí mo dúró sí yìí, kí ni mi ò bá ní kó ṣe?"

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. "Ẹ ò bá ní kó lọ sílé, Alága."

Bàbá Tépù fi ègé funfun lélẹ̀. Ó rọra tẹ́ ẹ bí ẹni tó fẹ́ gé e. Ó wá yíjú sí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. "Wá jókòó. Ṣùgbọ́n kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dùn mí o."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dùn ún lóòótọ́, kò sì fi bò. Nígbà tó délé, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ má pe òun ní Alága mọ́. Obìnrin náà gbà, ó pè é ní Bàbá. Bàbá Tépù fara dà á títí di alẹ́ ọjọ́ kejì, ló bá ní kó máa pe òun ní Alága nínú yàrá nìkan, kí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà ló ti di alátakò. Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó sẹ́bàá fèrèsé ní ìpàdé, kò sì sí ohun tí wọ́n mú wá tí kò ní na ọwọ́ sókè. "Mo lòdì sí i." Wọ́n fẹ́ kun ilé ìpàdé lọ́dà, ó lòdì sí i. Wọ́n ní kí wọ́n má kùn ún mọ́, ó tún lòdì sí i. Wọ́n fẹ́ fi àdúrà parí ìpàdé, ó bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n dìbò lórí àdúrà. Àwọn kan ní Àǹtí Síìpù ń gbìyànjú láti fara dà á. Ṣùgbọ́n kí ìpàdé tó pé, á ti kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ mú wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, á jẹ́ kó fà á ya dáadáa. "Ibi tí ọ̀gá bá ti rí ihò," ó sọ fún mi, "ibẹ̀ ni mo máa ń rán." Lọ́dún kẹta, wọ́n tún dìbò. Àǹtí Síìpù ló tún wọlé, ìbò kan ṣoṣo ló lòdì, a sì mọ ẹni tó ni ín.

Àìsàn tó mú un lọ kò pẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá, inú mi kì í sì í dùn.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Àǹtí Síìpù dá a lábàá pé kí gbogbo télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ kan nítorí rẹ̀. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Ó béèrè bí ẹnikẹ́ni bá lòdì sí i, bó ṣe máa ń béèrè. Kò sẹ́ni tó fèsì. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ ló fọwọ́ sí i.

"Rárá," ni Àǹtí Síìpù wí. "Kọ ọ́ pé mọ́kànlélógún fọwọ́ sí i, ẹnìkan lòdì."

Akọ̀wé gbé bírò dúró. "Àǹtí, òkú kì í dìbò. Ọ̀gá fúnra wọn ni wọ́n máa ń pariwo pé èrú gbáà ni."

"Mo mọ̀. Kọ ọ́." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó dìde kó lòdì sí i."

Gbogbo wa yíjú sí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. A tiẹ̀ dúró dè é díẹ̀.