Ẹ̀rọ Tó Gba Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Rẹ̀

Ní 1983, Theophilus Ọnàfowókàn, atúnrédíòṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, so ẹ̀rọ géèmù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun mọ́ tẹlifíṣọ̀n àlòkù kan. Kásẹ́ẹ̀tì géèmù mọ́kànlá ló bá a wá. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù rédíò fi di ṣọ́ọ̀bù géèmù. Tíṣà ń dúró kó kàn án, mẹkáníìkì ń dúró.

Lọ́dún kejì, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà gbé tuntun jáde. Theophilus ta alùpùpù rẹ̀, ó rà á. Àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá kò wọ ihò rẹ̀. Méjì péré tó bá a wá ti sú àwọn èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

“Bọ̀dá Theo,” Yẹ̀kínì mẹkáníìkì fi í ṣẹ̀rín, “ṣé ọmọ ọkọ ni eléyìí? Kò mọ ẹrù bàbá ẹ̀!”

“Yẹ̀kínì, panu ẹ mọ́.”

Àwọn tó ti rí àwòrán tuntun kò fẹ́ wo ti àtijọ́ mọ́. Oníbàárà ń dín kù. Ṣọ́ọ̀bù fẹ́ kógbá wọlé. Yẹ̀kínì nìkan ni kò yéé wá gbá géèmù lórí ẹ̀rọ àtijọ́.

Ní 1988, wọ́n ní ẹ̀rọ kẹta ilé-iṣẹ́ náà ti dé Èkó. Theophilus ki kásẹ́ẹ̀tì tó gbó jù sápò, ó wọ mọ́tò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Alájì Gbàdàmọ́sí tó ń tà á, kò béèrè bí àwòrán ṣe mọ́ sí.

“Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àrólé ni ẹ̀rọ yìí?”

“Àrólé kẹ̀? Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú! Ta ló kú?”

“Ṣọ́ọ̀bù mi ló fẹ́ kú, sà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èyí lè jogún ti àkọ́kọ́.”

Ó na kásẹ́ẹ̀tì náà sí i. Alájì tì í bọ ihò ẹ̀rọ, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkọ̀ òfurufú kékeré inú géèmù àtijọ́ náà, tí gbogbo àdúgbò mọ̀, yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Theophilus fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Alájì mú, ó ń dúpẹ́ ṣáá.

“Èmi kọ́ ni mo ṣe é o!” ni Alájì wí.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà pẹ́ kó tó gbọ́n. Òmíràn ti gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló fà á, ẹnikẹ́ni kò lè búra. Àmọ́ Theophilus ra ẹ̀rọ náà, Ìjẹ̀bú-Òde sì tún kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣí ẹ̀rọ tuntun náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí Yẹ̀kínì yóò fi dé.

“Nígbà tí ibí dá páropáro, ta ló ń kí mi?” ó bi wọ́n. “Òun ni yóò kọ́kọ́ gbá a.”