Káfíńtà Àpákún àti Àwọn Òyìnbó Oníbáńjò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹgbẹ́ olórin tí a ti ń retí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò wá sí sítúdíò wa ní Ìsọlọ̀. Ilé-iṣẹ́ àwo orin mìíràn ti tàn wọ́n lọ. Ọ̀gá wa, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń tún táì rẹ̀ ṣe nígbà tí inú bá ń bí i, tún táì náà ṣe tó ìgbà márùn-ún kó tó kọjú sí mi.

"Bísí, ta ló ní ká máa dúró de àwọn èèyàn yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fún ẹ. Tí o ò bá rí ẹni gidi mú wá, kí o padà sídìí tápúráítà ẹ."

Ìdí tápúráítà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Oṣù mẹ́rin péré ni mo lò nídìí iṣẹ́ síkáòtù nígbà yẹn, ìyẹn iṣẹ́ ká máa rìn kiri ká máa wá olórin tí ayé ò tíì mọ̀, ká mú un wá gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Owó epo ń ṣàn. Ẹni tó kọ́lé tuntun á ra giramafóònù sí i, giramafóònù á sì máa bèèrè àwo tuntun lọ́wọ́ wa. Obìnrin mìíràn kò sí nídìí iṣẹ́ náà ládùúgbò wa. Bí mo bá wọ ibi tí àwọn olórin ti ń ṣeré, àwọn kan á rò pé ọkọ ni mo wá wá.

Bọ̀dá Láńre, ẹlẹ́rọ ohùn wa, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní, "Bísí, tí o bá débi tí wọ́n ti ń ṣeré, má wo olórin. Wá ẹnì kan tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, kí o wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Èèyàn lè pàtẹ́wọ́ nítorí ojú. Ẹsẹ̀ ò mọ ojú ṣe." Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n mo ti kọ́kọ́ fi ṣìṣe. Mo mú ọkùnrin kan wá láti Òṣòdì torí pé ẹsẹ̀ èèyàn mẹ́fà ń jó yí i ká. Nígbà tó dé sítúdíò ni mo tó mọ̀ pé àwọn àbúrò rẹ̀ ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Láìsí wọn, ńṣe ni ohùn rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tó sọnù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gba Ire-Akárí lọ. Wọ́n ti sọ fún mi pé onígìtá kan ń gbé níbẹ̀ tí kò lẹ́gbẹ́. Mo rí ọkùnrin náà. Gìtá ló ń tà fún oníbàárà, kò mọ̀ ọ́n ta rárá! Oòrùn ọ̀sán ti yọ padà lẹ́yìn òjò, bàtà mi sì ti ń ha mí lẹ́sẹ̀. Bí mo ṣe ń padà lọ, mo gbọ́ nǹkan kan láti ẹ̀yìn ògiri ilé kan. Ó ń dún wàrà-wàrà bí òjò lórí páànù, àmọ́ orin ni, orin tó lórí tó nídìí.

Mẹ́gàádì ilé náà, ará Ọ̀yọ́ kan, jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú géètì, ó ń bó ẹ̀pà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń lu ilẹ̀ débi pé sílípáàsì ti fò bọ́ sínú gọ́tà, kò sì mọ̀.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Ta ló ń ta gìtá yẹn?"

"Gìtá kọ́ o, àǹtí. Àwọn òyìnbó mi ni. Òjò ti kún kòtò tí wọ́n ń gbẹ́, wọn ò níṣẹ́ lónìí. Ẹ wọlé, wọn kì í jáni jẹ."

Mẹ́ta ni wọ́n, ará Amẹ́ríkà. Wédì, ọkùnrin fìrìgbọ̀n onírùngbọ̀n tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń ṣe ojú àgbàrá, ló gbé báńjò lẹ́sẹ̀. Nẹ́lì ìyàwó rẹ̀ ń ta gòjé òyìnbó, Háńkì ọ̀rẹ́ wọn sì ń ta gìtá. Wọ́n ní orin àwọn ará orí òkè nílùú àwọn ni, bulugíráàsì lorúkọ rẹ̀. Kò sí ìlù kankan níbẹ̀. Okùn nìkan ni, tí kálukú ń gba iwájú lọ́wọ́ ẹnì kejì bí ẹni ń gba bọ́ọ̀lù. Báńjò ló sì ń sáré jù nínú wọn, ohun èlò kan tí ojú rẹ̀ rí roboto bí asẹ́, tí ọrùn rẹ̀ sì gùn bíi ti gìtá.

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ẹ̀rín ló bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Mo dúró sójú kan nínú ọgbà òyìnbó, mo di bàtà mi mú lọ́wọ́, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ìhà. Nígbà tí wọ́n parí, mo sọ iṣẹ́ mi fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí sítúdíò lọ́jọ́ Ẹtì.

Wédì mi orí. Ó ní, "A óò wá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tó mọ báńjò ta lẹ ń wá, èmi kọ́. Káfíńtà wa ni."

"Káfíńtà wo?"

"Ó wá tún ilẹ̀kùn kíṣìnì ṣe. Ó rí báńjò lórí àga, ó ní ṣé òun lè fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ojú fi tì mí láti tún un gbé."

Mẹ́gàádì, tó ti tẹ̀ lé mi wọlé, kígbe pé, "Baba Ṣadé ni! Àpákún ló ń gbé. Èmi ni mo mú un wá!"

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo ti dé Àpákún. Baba Ṣadé, ará Abẹ́òkúta, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ń fá igi níwájú ilé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bí mo ṣe dárúkọ báńjò báyìí, ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Rọra, ọmọ mi. Ìyá Ṣadé wà nínú ilé."

"Mo ti gbọ́!" Ohùn náà ti inú yàrá wá. Ìyá Ṣadé jáde, ó sán ìró mọ́ àyà, ó ń wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ ẹ̀ ṣe sọ fún mi pé ẹ ti tún gbé e?"

"Ilẹ̀kùn ni mo lọ tún ṣe."

"Ilẹ̀kùn wá ń dún bíi báńjò?"

Ó yíjú sí mi, ó sì ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ọkọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ Ṣadé lórúkọ, báńjò ti gbé e lọ sí Ìbàdàn, kò sì dé fún ọjọ́ márùn-ún. Àbúrò ọkọ ló gbé ọmọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ padà dé, ó fi Bíbélì búra pé òun ò ní ta báńjò mọ́ níbi tí ojú ìyàwó òun ò bá tó. Ìyàwó sì rí i dájú pé ojú òun ò tó ibì kankan tí wọ́n ti ń ta á.

Mi ò ní ọgbọ́n mìíràn ju òótọ́ lọ. Mo sọ fún un pé bí ọkọ rẹ̀ ò bá wá, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, ìdí tápúráítà ni màá padà sí.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Obìnrin ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn?"

"Èmi nìkan ni, mà."

Ó wo ọkọ rẹ̀. Baba Ṣadé ń fi ọwọ́ gbá igi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ṣadé ní, "Wọn ò ní í torí ọkọ mi dá ẹ padà. Èmi náà ń bọ̀. Iwájú ẹ̀ gan-an ni màá jókòó sí, kí ojú mi lè tó o dáadáa."

Ṣé ẹ rí Baba Ṣadé? Ó fi ọwọ́ bojú, ó ṣe bí ẹni pé ìyẹ̀fun igi ló kó sí i lójú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá jáde láti wo àwọn olórin mi. Ó rí òyìnbó mẹ́ta tí ẹrẹ̀ ṣì wà lára bàtà wọn, ó rí káfíńtà tó ki pẹ́ńsùlù bọ ẹ̀yìn etí, àti ìyàwó káfíńtà tó gbé àga sí àárín sítúdíò. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí táì.

"Bísí! Olórin ni mo ní kí o wá. O wá kó agbẹ́kòtò àti káfíńtà wá!"

Bọ̀dá Láńre ní, "Ẹ jókòó díẹ̀, sà."

Máìkì kan ṣoṣo ni Wédì ní kí a gbé kalẹ̀. Gbogbo wọn dúró yí i ká. Ẹni tó bá kàn á tẹ̀ síwájú, á sì yẹ̀bá fún ẹlòmíì, láìfara gbún ara wọn. Wédì ti gbé báńjò fún Baba Ṣadé, òun fúnra rẹ̀ gbé gìtá kejì. Baba bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin kan tó ti mọ̀ nígbà èwe rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Nẹ́lì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó fi gòjé gbè é. Ìka Baba wá ṣí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ìka tó nípọn, tí òòlù ti fọ́ èékánná rẹ̀, ń sáré lórí okùn náà débi tí mi ò fi lè kà wọ́n mọ́. Wédì ń pariwo láìlanu. Mo yọjú wo abẹ́ tábìlì: bàtà ọ̀gá ń lu ilẹ̀.

Àárín gbùngbùn orin ni Ìyá Ṣadé fò dìde.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ọkọ mi nìyẹn!"

Igbe náà ti wọ inú téèpù. Ọwọ́ Bọ̀dá Láńre lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ, ó dúró sí afẹ́fẹ́, ó sì padà. Wọ́n ta orin náà dópin.

Ìyá Ṣadé fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè, mo ti bà á jẹ́."

Bọ̀dá Láńre ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè tún un bà jẹ́ báyẹn fún ojú kejì àwo?"

Mi ò padà sídìí tápúráítà mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo rí olórin púpọ̀ lẹ́yìn wọn, àwọn kan sì lókìkí gan-an. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi mí léèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi jù, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Òṣòdì ni mo máa ń sọ. Àwo náà ti jáde. Oníṣọ́ọ̀bù kan ń lù ú, èrò sì kún ìta débi pé ẹni tó ń kọjá kò rọ́nà. Wọ́n ń jiyàn nípa oníbáńjò náà. Ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú ni. Òmíràn ní irọ́, òyìnbó ni, pé kò sí èèyàn dúdú tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo rí Baba Ṣadé lẹ́yìn èrò náà, ó ru pákó mẹ́rin lérí, ó ń wá ibi tí yóò gbà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbòòrò yíjú sí i. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú pákó yín, ká lè gbọ́ báńjò. Ẹ̀yin àgbà ò lè mọ adùn irú èyí."

Baba Ṣadé sọ pákó rẹ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi," ó sì dúró láàárín wọn, ó ń gbọ́.