Adìyẹ Mọ́kànlá àti Òòlù Káfíńtà

Ní ọjọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́yin fẹ̀yìn tì kúrò ní ọgbà adìyẹ tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀gá bi í léèrè ohun tí yóò gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìdágbére. Ìṣe ibẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń lọ gba kíréètì ẹyin méjì, kí ó dúpẹ́, kí ó sì kọjá. Ó ní adìyẹ méjìlá ni òun fẹ́, nínú àwọn tí ẹyin wọn ti ń dín kù, tí ọkọ̀ alápatà yóò kó lọ ní òpin ọ̀sẹ̀.

"Ìyá Ẹlẹ́yin, àlejò wo lẹ fẹ́ ṣe tí adìyẹ méjìlá yóò fi wọ ìkòkò?"

"Kò sí àlejò kankan, ọ̀gá. Àwọn gan-an ni àlejò."

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣa ẹyin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ má gbàgbé ìrọ̀rí o! Ẹ̀yìn wọn ò lè gba ilẹ̀ líle!" Ìyá Ẹlẹ́yin rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ó ní ìdí tirẹ̀. Inú ilé gígùn kan ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí kéèjì wáyà gun orí ara wọn ní ìpele mẹ́ta láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn. Adìyẹ márùn-ún ni ó wà nínú kéèjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kankan nínú wọn kò sì lè na apá rẹ̀ láìgbá èkejì lójú. A ti gé ṣóńṣó ẹnu wọn kí wọ́n má baà ṣá ara wọn jẹ. Wáyà ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru. Oúnjẹ wọn wà nínú ọpọ́n gbọọrọ níwájú kéèjì, ní ìdọ́gba ọrùn. Kí Ìyá Ẹlẹ́yin tó ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ wọlé, a máa fi kọ́kọ́rọ́ kan irin ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí àwọn adìyẹ má baà ta gìrì. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo orí fi ń yọ síta bí ó bá ti kàn án.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n tún ilẹ̀kùn náà ṣe, ó sì kan irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti wò ó bóyá ó dúró dáadáa. Orí yọ. Kẹ̀kẹ́ kò dé. Ó tún un kàn, orí díẹ̀ ló yọ. Nígbà tí ó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí èyí tó yọjú. Kìkì adìyẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà ló yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, tí ó fi ojú kan wò ó láìṣẹ́jú. Ìtìjú mú obìnrin náà bí ẹni tó ṣèlérí oúnjẹ fún ọmọ tí kò sì fún un. Ohun tí ó bá lè mọ̀ pé a ń parọ́ fún òun, ó ní, kì í ṣe ẹ̀rọ tí ń yé ẹyin. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ti àwọn wọ̀nyí kò ní àwáwí: ìyẹ́ ti re tán ní ọrùn àti àyà wọn, kedere ni òógùn náà hàn sí ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni Ìyá Ẹlẹ́yin ń gbé, nínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn. Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá. Ohun tó fi ń yangàn jù ni pé òòlù mẹ́ta péré ni òun ń lu ìṣó kan. "Ẹni tó bá lù ú lẹ́ẹ̀kẹrin," a máa wí bẹ́ẹ̀, "kó lọ bẹ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́." Nígbà tí ó rí ẹrù tí àbúrò rẹ̀ gbé wọlé, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ṣé adìyẹ rèé, àbí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fún mi láyè. Wọn yóò dára."

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí wọn ò bá fẹsẹ̀ ara wọn jáde nínú àgò, kí wọ́n sì dá oúnjẹ wá bí adìyẹ gbogbo ayé, alápatà á wá kó wọn. Mi ò lè máa gbé ilé ìwòsàn adìyẹ."

"Mo gbà," ni obìnrin náà wí.

Ó gbá àgò adìyẹ tó wà ní ìpẹ̀kun àgbàlá mọ́, ó tẹ́ èérún pákó sí i, ó sì fọ́n àgbàdo sílẹ̀. Àwọn adìyẹ náà rọ́ jọ sí igun kan, àwọn méjèèjìlá nínú àyè tí kò ju kéèjì kan lọ, bí ẹni pé wáyà ṣì yí wọn ká. Wọn kò jẹun lọ́jọ́ náà, wọn kò jẹun lọ́jọ́ kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀kan ti kú.

Ìyá Ẹlẹ́yin sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó dojú korobá dé, ó jókòó lé e, ó sì ń wo àwọn mọ́kànlá tó kù. Ó pẹ́ kí ó tó rí i. Kò sí èyí tó ń wo ilẹ̀ nínú wọn. Iwájú gan-an ni gbogbo ojú wà, ní ìdọ́gba ọrùn. Àgbàdo wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọn kò mọ̀ pé oúnjẹ ni, nítorí pé oúnjẹ kò wá láti ilẹ̀ rí ní ayé wọn. Ẹni tó ti bọ́ adìyẹ fún ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ṣe àṣìṣe yìí.

"Èmi ni mo pa á," ni ó wí, ó sì dìde.

Ó ṣa àjákù pákó ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi kan ọpọ́n kan tó wọ́ bí ẹsẹ̀ aláàrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró wò ó, kò sì lè fara dà á.

"Gbé e wá níbẹ̀ yẹn! Mi ò ràn ọ́ lọ́wọ́ o. Ojú mi ni ò gba ìṣó wíwọ́."

Ó yọ ìṣó kan, ó fi tuntun sí i, ó lù ú: kó, kó, kó. Nínú àgò, orí mọ́kànlá nà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Káfíńtà kò rí i, ó ti ń wá ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Òrùlé ilé kan ni ó ń lọ kàn lójoojúmọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ìyá Ẹlẹ́yin rí i ní tirẹ̀. Ó fi okùn so ọpọ́n náà kọ́ ní ìdọ́gba ọrùn wọn, ó da oúnjẹ sí i, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kan ìdí korobá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n wá. Wọ́n ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n wọ́n wá, wọ́n sì jẹun.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni ó ń tú okùn, tí ó ń sọ ọpọ́n náà kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, tí ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọjọ́ kẹwàá, ọpọ́n kan ilẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó da oúnjẹ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Adìyẹ kan fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn nítorí ohun tí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ó tún un ha.

Kìkì èyí tí Ìyá Ẹlẹ́yin sọ ní Olóríkunkun ni kò gbà. Wáyà ti tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọrọdọ, inú igun ni ó ń jókòó sí. Ìyá Ẹlẹ́yin a máa gbé e lọ sídìí ọpọ́n, lójoojúmọ́ a sì fi ìṣísẹ̀ kan jìnnà sí ọpọ́n ju ti àná lọ kí ó tó gbé e sílẹ̀. "Rìn ín," a wí fún un. "Mi ò kánjú."

Ṣùgbọ́n ẹnu àgò wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ kẹwàá, kò sì sí èyí tó ré e kọjá. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, káfíńtà kò lọ síbi iṣẹ́. Alápatà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìka ta eyín.

"Ọ̀gá Káfíńtà, nínú kí ni n ó kó wọn sí?"

"Àpótí wọn ni mo fẹ́ kàn yìí." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "O ti gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ wa la sọ."

"Ilẹ̀ ò tíì ṣú, Bọ̀ọ̀dá."

Káfíńtà mú ìṣó, ó lù ú. Kó, kó, kó.

Adìyẹ àkọ́kọ́ dé ẹnu àgò, ó dúró, ó wo òòró ẹnu ọ̀nà náà lókè-nílẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kọjá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n la àgbàlá já, wọ́n ré pákó kọjá, wọ́n sì dúró yí káfíńtà ká pẹ̀lú ọrùn nínà. Kò sí oúnjẹ. Ó lu ìṣó kejì. Wọ́n tún na ọrùn. Nígbà tí ó lu ẹ̀kẹta, wọn kò gbórí mọ́. Wọ́n ti rí kòkòrò funfun nínú èérún pákó àtijọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n sì ń ha á kiri bí ẹni tí ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ ìbí.

Olóríkunkun ló kẹ́yìn. Ìka ẹsẹ̀ títẹ̀ yẹn ni ó fi rìn, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, ó dé iwájú káfíńtà, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó sì fi ojú kan wò ó.

"Kí ni èyí ń wò mí sí?"

"Ẹ kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ò sì fún un ní nǹkan kan. Ẹni tó parọ́ ni ó ń wò."

Alápatà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Káfíńtà, adìyẹ mú yín ní èké!"

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀. Ó wọlé, ó bu àgbàdo, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ níwájú Olóríkunkun. Nígbà tí ó dìde, ó ní kí alápatà máa lọ, ó sì yọ ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lára àpótí náà kí ó lè di ibi tí wọn yóò máa yé sí. Ó mú ìṣó, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wo àgbàlá tìfura-tìfura, ó sì tún un lù lẹ́ẹ̀kẹrin.

Láti ìgbà náà, òòlù mẹ́rin ni ó ń lu ìṣó kan. Àwọn oníbàárà máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń rọ. Ó ní kí wọ́n lọ bi àbúrò òun obìnrin léèrè, pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ti ní ẹni tó ni ín.