Àwọn Ìgbálẹ̀ Etí Kànga

Ìró ìgbálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní Ìgbògbò, kí n tó mọ ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Yàrá tí mo gbà kò jìnnà sí agbo ilé ńlá kan tí kànga àtijọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ ìró náà ní ìdájí nígbà mìíràn, kí àwọn ọlọ́kadà tó bẹ̀rẹ̀ ariwo tiwọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ sí ẹ̀ka àṣà ní ìjọba ìbílẹ̀ ni. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àwọn ohun àjogúnbá ìlú kiri, kí n kọ wọ́n sílẹ̀, kí a sì dáàbò bò wọ́n kí ilé tuntun tó gbé wọn mì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ìyá mi ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́ nílé wa tí ó jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín: mo gbà nígbà náà pé ohunkóhun tí kò bá tíì wọ inú fáìlì mi, kò tíì sí láyé.

Ìyáálé agbo ilé náà ló ṣàlàyé ohun tí mo ń gbọ́ fún mi. Ìyàwó tuntun tí wọ́n bá gbé wọlé, láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọ̀nà kànga àti àyíká rẹ̀ kí oòrùn tó là. Òwúrọ̀ méje léraléra ni, kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀kan. Ní ọjọ́ keje, yóò gbé ìgbálẹ̀ náà ti ara kànga, yóò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí láé. Ọjọ́ náà ló di ará ilé. Kò sí òrìṣà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Àlhájà ni ìyáálé, ó ti dé Mẹ́kà, àwọn ìyàwó onígbàgbọ́ tí wọ́n fẹ́ wá láti ìhà Ọ̀ṣun náà sì gbá tiwọn. Àwọn ìgbálẹ̀ yìí ti di òkìtì létí kànga, òmíràn ti gbó kù bí àtàǹpàkò. Ìyáálé ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá ọkọ mi nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi okùn pupa dì yẹn, ìyàwó tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì ni. Èmi nìyí."

Kò sọ pé tèmi nìyí. Èmi nìyí ló sọ, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìbi ara mi léèrè ohunkóhun.

Ọ́fíìsì fẹ́ràn ìwé tí mo kọ. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a mọ fẹ́ǹsì yí kànga ká, kí a to bíríkì sílẹ̀, kí a gbé géètì àti pátákó ńlá sí i, kí àwọn èèyàn pàtàkì sì wá ṣí i. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì, ọ̀gá mi wá yẹ ibẹ̀ wò, ó rí òkìtì náà, ó sì bojú jẹ́. "Ṣé ìdọ̀tí yìí la fẹ́ fi han àlejò ni? Ẹ kó o kúrò, jàre." Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. N kò sọ ọ́, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rù ọ̀gá ló bà mí. Mo ti ya fọ́tò àwọn ìgbálẹ̀ náà, mo ti kọ ìtàn wọn, mo sì rò lóòótọ́ pé ìyẹn tó. Àwọn òṣìṣẹ́ dáná sun wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ìyáálé dé nígbà tí èéfín kò tíì tán. "Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ìgbálẹ̀ wa dà?"

Mo ní, "Wọ́n wà nínú ìwé, Àlhájà. Wọn ò lè sọnù mọ́."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tú eérú náà wò. Lẹ́yìn náà ó ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ó sì yí padà sílé. Mo rò pé aṣọ tuntun tí mo wọ̀ ló ń bá wí.

Wọ́n ṣí i, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ya fọ́tò. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan ni mo kù níbẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo tuntun. Àwa la ní kí wọ́n máa tì í, nítorí ewúrẹ́, àwọn amugbó àti àwọn tó ń ta ilẹ̀ onílẹ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo sọ fún ìyáálé pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi.

Kò pẹ́ tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi gbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo lọ, mo jẹun yó, mo bá ìyàwó yọ̀, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ láti lọ kí ìyá mi. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mi. N kò rántí rẹ̀ rárá, èmi tí mo kọ ọ́ sínú ìwé pé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni. Iná kò sí ní Ẹ̀pẹ́, fóònù mi ti kú. Ìgbà tí mo rí ẹni bá mi fi agbára sí i ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ìpè mọ́kànlá ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sáré gba ọ̀nà Ìtóìkín padà, ṣùgbọ́n ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dé. Ìyàwó tuntun ṣì wà ní ìdúró níwájú géètì, ó di ìgbálẹ̀ tuntun mú, ìyáálé sì jókòó tì í lórí àpótí. Mo sáré ṣí géètì.

"Ẹ dákun, Àlhájà, ẹ jẹ́ kó gbá a báyìí."

"Oòrùn ti là. Òwúrọ̀ tó bá ti kọjá, kò sẹ́ni tí í dá a padà."

Ó fa ìyàwó náà lọ́wọ́, wọ́n lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Ojú tì mí débi pé n kò lè kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìyàwó tí wọ́n gbé lẹ́yìn rẹ̀ ní òun kò gbá nǹkan kan, ṣebí ti iṣáájú kò gbá. Ẹni tó tẹ̀ lé e kò tilẹ̀ gbọ́ pé ohun kan wà tí wọ́n ń gbá. Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, kò dá iṣẹ́ ẹja dúró. Ó ní, "Ọkọ̀ ojú omi tí o bá gbé sórí ilẹ̀ kó má bàa rì, ńṣe ni oòrùn máa là á." Mo lọ tú àgádágodo náà kúrò lọ́sẹ̀ yẹn, láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìyáálé ti kú báyìí. Géètì ṣì wà ní ṣíṣí, ìjọba ìbílẹ̀ sì gba ẹnì kan tí ó ń gbá ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sí ìsọ̀ ìyá mi ní Ọjà Olúwo nígbà tí obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n wá ná ẹja. Ó wò mí, ó tún mi wò.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni kọ́kọ́rọ́ ọjọ́ yẹn, mà?"

Mo dá a mọ̀. Mo ní èmi ni. Mo tọrọ àforíjì, èyí tí ó ti yẹ kí n tọrọ láti ọjọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ó ti kọjá.

"Ìgbálẹ̀ yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi o. Mi ò lè fi gbálé, mi ò sì lè jù ú nù. Mi ò kàn mọ ibi tí mo máa gbé e sí ni."

Mo sọ fún un pé géètì ti wà ní ṣíṣí. Ó ní òun mọ̀. Ó ra ẹja rẹ̀, ó sì lọ.

Nínú gbogbo ìgbálẹ̀ ilé náà, ọ̀kan yẹn nìkan ló kù, òun náà ni kò sì gbá ibẹ̀ rí. Ohun tó wá ń bà mí nínú jẹ́ títí di òní ni pé bí obìnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo ti ń wá fóònù nínú báàgì, kí n lè bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wá ya ìgbálẹ̀ náà ní fọ́tò. Mo rántí ara mi, mo sì dá fóònù padà.