Ẹ̀gbọ́n Mi Pààrọ̀ Okùn

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é ní gbẹ́nàgbẹ́nà, á fajú ro. Onígìtá ni òun. Ọdún méjìlélógún ló fi ta gìtá báàsì, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ orin, pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin kan ní ilé ìtura.

Ìgbà tí pákó wó lù ú léjìká òsì, apá yẹn ò nà dáadáa mọ́. Ọrùn gìtá báàsì gùn, ọwọ́ rẹ̀ ò débẹ̀. Ló bá lọ ra yukulélé báàsì, gìtá kékeré kan tí ọrùn rẹ̀ kúrú. Nǹkan ọ̀hún ò ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ, okùn rọ́bà mẹ́rin tó ki pọ́pọ́ ló wà lára rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá so ó mọ́ sípíkà, ohùn bàbá àgbà ló ń jáde.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ta á ni àbí ẹ máa pọ̀n ọ́n?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ti sọ fún un pé kó gbé e wá lọ́sàn-án Sátidé. Bó bá fi ta orin mẹ́ta já, àyè rẹ̀ ṣì wà. Bí kò bá rí i ta, onígbàjámọ̀ kan wà nílẹ̀ tó mọ báàsì í ta.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára: tí òde bá ku ọ̀la, á pààrọ̀ okùn kí ohùn lè mọ́. Okùn irin nìyẹn dára fún. Ní ti rọ́bà, ó tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń nà kó tó jókòó. Ó yí i le, kó tó mu omi tán, ó ti dẹ̀. Ó tún yí i, ó tún dẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

"Ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà sí i."

"Mo ti fi àlùmọ́gàjí gé wọn."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Àbúrò mi, gbogbo ẹ̀ ni."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ilẹ̀ Sátidé mọ́ bá a lórí àga, ó ń fi àtàǹpàkò fa okùn, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó kọ̀ tí kò mu oògùn. Tíì tí mo gbé fún un tutù síbẹ̀. Inú bí mi. Kí ló dé tí kò béèrè kó tó gé e? Síbẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò lè sọ ọ́.

Mo bá a lọ. Orin àkọ́kọ́ lọ geere, mo ti ń mi ẹsẹ̀. Láàárín ìkejì, okùn tó nípọn jù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan nínú orin gan-an gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi já ọwọ́ òsì sílẹ̀ láti yí i, olórin ṣìnà, ọ̀gá sì gbọ́wọ́ sókè.

"Bọ̀dá, ẹ lọ sinmi."

"Ẹ fún mi lọ́jọ́ márùn-ún péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Ó máa dúró."

"Òde wa kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún òní, bọ̀dá. Alẹ́ yìí ni."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè mí wọ yàrá. Ó ta okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sinmi díẹ̀, ó tún wọn ta.

"Ṣé o gbọ́? Láti àárọ̀, kò dẹ̀."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ti dúró."

Ó ní kí n bá òun pe ọ̀gá, ẹnu òun ò gbà á. Mo pè é. Wọ́n wà lẹ́nu ìdánrawò, báàsì onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ jáde nínú fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn, ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀.

"Pa fóònù náà," ó ní. "Ó mọ̀ ọ́n ta."